Obì Lórí Ilẹ̀ Ìṣákọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń sọ èkínní. Wọ́n ń wí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ ti ní ilé ìtẹ̀wé, ó ti ní ilé sinimá, ó sì ti ní ilé iṣẹ́ rédíò. Pé kò sí ọ̀gá kan mọ́ tí yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà láti dá ẹni tí ó ní ìtàn í sọ padà. Àwọn àgbà, àti àwọn olùkọ́ kan pẹ̀lú wọn, ni ó ń sọ èkejì. Àwọn wọ̀nyí ń wí pé eré ọmọdé ni ohun gbogbo tí a ń gbé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ilé ìwé fi í sílẹ̀ kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Àwa kò gba ti èkínní, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba ti èkejì. Ohun tí àwa ní í wí ni pé rírí ibi sọ ìtàn yàtọ̀ sí níní ìtàn. Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ẹni tí ó tọrọ ilẹ̀, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó sì lè kórè. Ṣùgbọ́n kì í gbin obì tàbí kòkó sí i láìgba àṣẹ, nítorí igi tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò jẹ èso rẹ̀, orí ilẹ̀ ara ẹni ni à ń gbìn ín sí. Ìtàn ìlú ẹni, obì ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbin obì sí orí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀; àwọn àgbà wa sì jókòó, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ń pe oko náà ní eré.

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni jà, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ òtítọ́, pé oko náà ń so. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìjọ ni ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn òyìnbó ìjọ ni ó sì ń yan ọ̀rọ̀ tí yóò jáde. Nígbà tí ó fi di ọdún 1929, I. B. Thomas ti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Èkó, tí í ṣe Akéde Èkó. Inú rẹ̀ ni ó sì ti ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí olóòtú, títí àwọn òǹkàwé fi gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ní ọdún 1930 ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní odidi ìwé. Ẹ kíyè sí i: òun ni ó ni ìtàn, òun ni ó ni ìwé ìròyìn, òun ni ó sì ni ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Lónìí, ọmọbìnrin kan ní Ìlá tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí kò sì mọ ọ̀gá kankan ní Èkó, lè gbé fóònù rẹ̀ ka iwájú ìyá àgbà rẹ̀, kí ó gba àlọ́ sínú rẹ̀, kí ó sì gbé e sí ìkànnì tirẹ̀ lórí YouTube kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá ní 1,000 ènìyàn tí ń tẹ̀lé ìkànnì náà, tí àwọn ènìyàn sì ti wo iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, ó lè bá ilé iṣẹ́ náà pín owó ìpolówó ọjà: nínú 100 náírà tí ìpolówó orí fíìmù rẹ̀ bá mú wá, 55 jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2025, Omoni Oboli gbé fíìmù kan tí ó pè ní Love in Every Word sí ìkànnì ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wò ó ju ìgbà mílíọ̀nù 20 lọ. Ẹni tí ó bá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní eré ọmọdé kò mọ ohun tí ó ń wí.

Ṣùgbọ́n 45 tí ó kù nínú 100 náírà náà ńkọ́? Ìṣákọ́lẹ̀ ni. A kò bínú sí i. Onílẹ̀ a máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí ó bí wa nínú ni pé àgbẹ̀ gbàgbé pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Thomas ni ó ni Akéde Èkó. Ọmọbìnrin yìí kọ́ ni ó ni YouTube. Google ni ó ti rà á láti ọdún 2006. Nínú àdéhùn tí ó fi ìka tẹ̀ láìkà á, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ ní òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ti fún ilé iṣẹ́ náà ní àyè láti lò ó káàkiri ayé láìsan owó àyè náà fún un. Bí ẹ̀sùn pé ó lo iṣẹ́ oníṣẹ́ bá sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè pa ìkànnì rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ta ni a ń pè ní onílẹ̀, nígbà náà, nínú ọ̀rọ̀ ìtàn? Àwa wí pé ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ni di onílẹ̀: èkínní, kí orúkọ ẹni wà lára iṣẹ́ náà, èkejì, kí ojúlówó iṣẹ́ náà wà ní ọwọ́ ẹni, ẹ̀kẹta, kí ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ má ṣe jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti orúkọ, ìlú Ìlá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tó. Àìmọye ère Yorùbá ni ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, tí a kọ orúkọ ẹ̀yà wa sí abẹ́ wọn, tí a kò sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò ní orúkọ. Ẹni tí ó gbé ère náà lọ ni kò bèèrè. Àwa ọmọ ìjọ kì í bọ ère, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú Òfin Mẹ́wàá tí a ti yọ̀ǹda kí a jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkejì wa. Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ bíbí Ìlá-Ọ̀ràngún, ìran karùn-ún nínú àwọn agbẹ́gilére ilé wọn, ni ó fi hàn wá pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ rìn níbikíbi tí a bá gbé e lọ, títí ó fi kú ní ọdún 2009.

Síbẹ̀, níbo ni a ti tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ? Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ni, ní ọdún 1996, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún kan náà gan-an, a tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ipò ọba ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Yoruba Sacred Kingship, tí John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan kọ. Ilé ìtẹ̀wé Smithsonian ní ìlú Washington ni ó tẹ̀ ẹ́. A yin àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí. Wọ́n bèèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ sí i. Ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n a bi ẹ̀yin olùkọ́ Ìlá léèrè: mélòó nínú àwọn ọmọ kíláàsì yín ni ó ti fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì? Bí ọmọ bá ní láti kọjá òkun kí ó tó ka ìtàn ààfin tí ó wà ní òdìkejì ọjà rẹ̀, ṣé ọmọ náà ni onílé, tàbí àlejò?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ iyì lásán ni èyí. Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá jọ ń pe Ajagùnnlá ní baba. Ìlú méjèèjì jọ ń tọ́ka sí Ìlá Yàrà gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pínyà, olúkúlùkù ní bí ó ti ń sọ ọ́. Àwa kì í ṣe onídàájọ́ láàárín wọn. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni ọmọ tí a bá bí lọ́la yóò pè ní òtítọ́, a ó sì ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Ìlú tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, yóò sì máa bínú sí ohun tí ó gbọ́.

Ní ti ojúlówó, ẹ jẹ́ kí a rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni ìjọ tiwa, tí ó ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù sí wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní ọdún 1901, kò rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó tún ìwé náà kọ; òun pẹ̀lú sì kú ní ọdún 1920, nígbà tí ìwé náà kò tíì jáde. Ní ọdún 1921 ni ayé tó rí i. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì tí ó fi ojú rí iṣẹ́ náà ní odidi ìwé. Bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ wà nílé, kò bá ti sí ohun tí a ó tún kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú Ìwé Mímọ́. Ọba Jèhóíákímù fi ọ̀bẹ gé ìwé Jeremáyà, ó jù ú sínú iná tí ń jó níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wòlíì náà kò jóná. Bárúkù mú ìwé mìíràn, ó sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú ti ìṣáájú, ó tilẹ̀ lé sí i. Ẹni tí ojúlówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bẹ̀rù iná ọba.

Ṣé ti ayé àtijọ́ nìkan ni? Ní ọdún 2019 ni ayé gbọ́ pé ilé iṣẹ́ MySpace, tí ó ti jẹ́ ọjà ńlá fún àwọn olórin nígbà kan rí, ti pàdánù orin, àwòrán àti fíìmù tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ ṣáájú ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ẹrù ọdún 12 ni. Olórin tí ó ní ẹ̀dà nílé rẹ́rìn-ín, ó tún tirẹ̀ gbé síbòmíràn. Èyí tí kò ní, ó di ẹni tí kò kọrin rí. Kò sí ẹni tí ó bínú sí wọn, kò sí ọ̀tá tí ó dá iná. Àìbìkítà ẹni tí a fi ẹrù lé lọ́wọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ti òǹtẹ̀wé tí ó sọ ìwé Johnson nù.

Ní ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Ìgbómìnà mìíràn, Adéyẹmí Afọláyan, ọmọ Agbamu ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Ó wà nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976, ó sì ṣe Kádàrá ní ọdún 1980. Ní ìgbà tiwọn, àwọn oníṣẹ́ ni ó ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba gbọ̀ngàn, tí ẹni tiwọn sì ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà láti gba owó. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á kọjá sí èkejì. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ṣe Aníkúlápó ní ọdún 2022, láti orí Netflix ni ó sì ti dé gbogbo ayé ní ọjọ́ kan. Ọ̀nà náà gbòòrò ju ti baba lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń ṣí i tí ó sì ń tì í. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, Prime Video ti ilé iṣẹ́ Amazon kéde pé òun kò ní náwó sí fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Láàárín òwúrọ̀ kan, àwọn tí ó ti fi ojú sí i di ẹni tí ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ìjọba ilé pàápàá lè ti ilẹ̀kùn. Láti Oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de Twitter. Oṣù méje gbáko! Ẹni tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, tí kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè bá a, dà bí oníwàásù tí a ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lóde, tí kò sì mọ ilé ọmọ ìjọ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan yóò wí pé, "Ìtàn jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ni ó ni Ìjàpá?" Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó ni Ìjàpá. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó pa àlọ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn Ìgbómìnà tirẹ̀, ó ni ohùn rẹ̀. Òfin Nàìjíríà tí a ń pè ní Copyright Act ti ọdún 2022, èyí tí ààrẹ fi ọwọ́ sí ní Oṣù Kẹta ọdún 2023, tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì di ti àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlọ́ àti orin àjogúnbá pẹ̀lú kò ṣàì ní ààbò: ẹni tí ó bá gbé wọn jáde gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí ibi tí ó ti rí wọn. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó gba ìtàn lẹ́nu àgbà Ìlá, tí ó sì gbé e sí ìkànnì rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gé fíìmù ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé ère lọ tí kò bèèrè orúkọ agbẹ́gilére. A kò lè máa sunkún òyìnbó ní ọ̀sán kí a sì máa ṣe bí òyìnbó ní òru.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ebi ń pa oníṣẹ́, bí olówó bá dé, kí ó ta ìtàn náà." Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyá ni ní oko fún ọdún mélòó kan yàtọ̀ sí títa ilẹ̀ baba ẹni. Áhábù kò fẹ́ gba ọgbà Nábótì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó ni ó kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, tàbí ọgbà mìíràn tí ó dára jù ú lọ. Nábótì kọ̀, nítorí ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Òfin tí a dárúkọ yìí sọ pé a kò lè gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ pátápátá àfi nínú ìwé kíkọ. Nítorí náà, inú ìwé ni ìjà náà wà. Kí ọ̀dọ́ tí a bá gbé àdéhùn wá fún bèèrè pé: fún ọdún mélòó? ní ilẹ̀ wo? ní èdè wo? ọjọ́ wo ni yóò padà sí ọwọ́ mi? Bí kò bá sí ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn, ọjà títà ni, kì í ṣe yíyá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹ má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ sì rò pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín tán. Ẹ kọ́ ọ pé kí ó tó gba ìtàn lẹ́nu àgbà, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àyè. Kí ohùn àkọ́kọ́ tí yóò wà nínú ẹ̀rọ náà jẹ́ ti àgbà náà, tí ó ń dárúkọ ara rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà. Ẹ kọ́ ọ pé kí ó pa ẹ̀dà mọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó gbé e sí ojú ayé, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, ní Yorùbá tí ó ní àmì. Ẹ kọ́ ọ pé bí owó bá wọlé, ti ẹni tí ó la ẹnu wà nínú rẹ̀. Kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan tí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lọ́dọọdún, kí a sì máa tẹ díẹ̀ nínú wọn ní ìwé pẹlẹbẹ tí a ó máa tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjọ́ ọdún ìlú, kí ọjà wa má baà dúró lé ìlẹ̀kùn ẹnìkan.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ lọ sí orí YouTube, ẹ lọ sí orí Facebook, ẹ gbin àgbàdo yín síbẹ̀, ẹ sì san ìṣákọ́lẹ̀ láìkùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tí ó mọ ìtàn Ìlá Yàrà kò ní dúró dè yín títí láé. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹ sì gbin obì náà sí ilé.